Ta Ni Ó Ń Ka Ilẹ̀ Òkè Kí Ó Tó Ya?

Ìkìlọ̀ nípa ewu tí òjò ń fà jẹ́ iṣẹ́ tí ìjọba Nàìjíríà pín sí ọwọ́ àjọ mélòó kan. NiMet, àjọ tí ń rí sí ojú ọjọ́, a máa gbé àsọtẹ́lẹ̀ jáde lọ́dọọdún, kí àgbẹ̀ Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ tàbí Ìfàkì lè mọ ìgbà tí òjò yóò fìdí múlẹ̀ àti bí ìsinmi òjò oṣù kẹjọ yóò ti gùn tó. NIHSA, tí ó ń wọn omi odò, a sì fi ti omíyalé lé e, nípa sísọ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tí ewu wọn pọ̀, àwọn tí tiwọn mọ níwọ̀n àti àwọn tí tiwọn kéré. Lẹ́yìn omíyalé ọdún 2022, tí ó pa èèyàn tí ó lé ní 600, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tún fojú eré wo iṣẹ́ yìí.

Ṣùgbọ́n ewu odò nìkan kọ́ ni òjò ń bí. Ilẹ̀ gíga tí àpáta yọ sókè káàkiri ni agbègbè Ìfàkì, nígbà tí ó jẹ́ pé ní ìwọ̀-oòrùn Èkìtì, láti Òkèmẹ̀sí dé Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, ọ̀wọ́ òkè olókùúta líle kan nà gbọọrọ, tí ilé sì sún mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí òjò bá rọ̀ léraléra lórí irú òkè bẹ́ẹ̀, omi á wọ inú erùpẹ̀ títí yóò fi kan àpáta tí kò lè mu ún. Bí omi náà bá ti ń pọ̀ sí i níbẹ̀, ohun tí ó di erùpẹ̀ mọ́ àpáta á máa dẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ẹ̀gbẹ́ òkè yóò fi ya lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Níbi tí wọ́n bá ti gé igi tí gbòǹgbò rẹ̀ ń di ilẹ̀ mú, tàbí tí wọ́n ti gbẹ́ ẹsẹ̀ òkè láti fi kọ́lé, òjò tí kò tó nǹkan ti tó o ya.

Bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní Regent, lẹ́bàá Freetown, ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 2017, nígbà tí apá kan òkè Sugar Loaf ya lu ilé àwọn èèyàn ní kùtùkùtù, tí iye àwọn tí ó kú àti àwọn tí a kò rí mọ́ sì lé ní 1,100. Gbogbo ìlú rí i pé òjò ọdún náà ti pọ̀ jù, ìkìlọ̀ tí yóò dárúkọ òkè yẹn gan-an ni wọn kò rí.

Àwọn orílẹ̀-èdè oníyìnyín, níbi tí yìnyín ti ń ya lulẹ̀ bí erùpẹ̀, ti ya ẹni tí yóò máa ka òkè sọ́tọ̀ tipẹ́. Ní Switzerland, ilé ìwádìí SLF tí ó wà ní Davos a máa kéde ewu ìyalulẹ̀ yìnyín ní ìpele márùn-ún, tí yóò sì sọ ibi tí òkè kọjú sí àti gíga tí ewu náà ti le jù. Yìnyín ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ a máa to léra, òmíràn le, òmíràn kò dì mọ́ra. Nítorí náà ẹni tí ń yẹ̀ ẹ́ wò yóò gbẹ́ kòtò, yóò gé òpó yìnyín tí ó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 30 ní ìbú àti òòró, yóò fi abẹ ṣọ́bìrì lé e lórí, yóò sì fi ọwọ́ lù ú láti ọrùn ọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kí ó lù ú láti ìgúnpá lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kí ó tó wá fi gbogbo apá láti èjìká lù ú lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Bí òpó náà bá tètè yọ̀ kúrò lórí ìpele tí kò lágbára, òkè náà kò ṣeé fọkàn tán.

Nàìjíríà kò ṣaláìní onímọ̀ àpáta. Àjọ wọn, tí ó ń jẹ́ NGSA lónìí, ti ní ìpìlẹ̀ láti ọdún 1919. Àlàfo náà wà láàárín ìmọ̀ wọn àti ojúlé, nítorí ìpele ewu kan ṣoṣo tí a kà sí odindi ìjọba ìbílẹ̀ Ìdó-Òsì, tí Ìfàkì wà nínú rẹ̀, lọ́rùn kò lè sọ fún ẹni tí ó kọ́lé sí ẹsẹ̀ òkè bóyá kí ó sùn níbẹ̀ lálẹ́. Àwọn àmì tí onímọ̀ ń wá kò sì pamọ́ fún àgbẹ̀: ilẹ̀ tí ó sán lókè, igi tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tẹ̀, ìsun omi tuntun tàbí èyí tí ó dédé di ẹrẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ kan bá ń gba irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án, nígbà tí ilẹ̀ ti mu omi yó, tí ó sì ń fi wé òjò tí NiMet wọ̀n, ó lè ní kí àwọn ará ẹsẹ̀ òkè kan ṣoṣo kó jáde fún ọjọ́ díẹ̀, láìda ìlú tí ó kù láàmú.