Owó Iṣẹ́ Àwọn Obìnrin Alábàárù ní Kùmásì

Ìwé Òfin orílẹ̀-èdè Gánà ti ọdún 1992 là á sílẹ̀, Òfin Iṣẹ́ ti ọdún 2003 sì tún un sọ, pé iṣẹ́ kan náà, owó kan náà ni, ìbáà ṣe ọkùnrin ni ó ṣe é tàbí obìnrin. Síbẹ̀, ní ọjà Kejetia ní Kùmásì, obìnrin ni ó ń fi orí ru ẹrù, ọkùnrin ni ó ń fi ọmọlańke kó o, owó ọkùnrin a sì máa pọ̀ ju ti obìnrin lọ.

Kayayei ni wọ́n ń pe àwọn obìnrin náà. “Kaya” ni ẹrù ní èdè Haúsá, “yoo” sì ni obìnrin ní èdè Ga. Alábàárù ni Yorùbá ìbá pè wọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọ̀dọ́mọbìnrin láti ìhà àríwá Gánà. Báàfù nìkan ni ohun-èlò iṣẹ́ wọn. Kò sí ìgbìmọ̀ kan tí ń dá iye lé ẹrù tí wọ́n ń rù. Oníbàárà a dárúkọ owó, alábàárù a ní kò tó. Ṣùgbọ́n bí ó bá ta kú, ọmọbìnrin mìíràn ti gbé báàfù tirẹ̀ sún mọ́ tòsí. Nígbà púpọ̀, obìnrin bíi tirẹ̀ ni oníbàárà náà.

Ẹrù tí alábàárù yóò rù ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, ọlọ́mọlańke a kó o lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n owó ni a fi ń ra ọmọlańke tàbí háyà rẹ̀, àṣà sì ti sọ ọ́ di iṣẹ́ ọkùnrin. Níhìn-ín ni òfin ti ń yọ̀ bọ́, nítorí ẹrù rírù àti ọmọlańke títì kì í ṣe “iṣẹ́ kan náà”. Àdéhùn 100 ti Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé, ti ọdún 1951, tí Gánà fọwọ́ sí ní ọdún 1968, gbòòrò ju bẹ́ẹ̀ lọ: owó kan náà fún iṣẹ́ tí iye rẹ̀ dọ́gba, bí wọn kò tilẹ̀ jọra. Ta ni yóò sì sọ pé làálàá ọrùn alábàárù kò tó ti apá ọlọ́mọlańke?

Ṣùgbọ́n àti òfin àti àdéhùn, ẹni tí ó ní agbanisíṣẹ́ ni wọ́n ń ràn lọ́wọ́. Owó òòjọ́ tí ó kéré jù lọ ní Gánà, tí ìjọba, àwọn agbanisíṣẹ́ àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ jọ ń fi lélẹ̀, jẹ́ sídì 18.15 ní ọdún 2024. Kò kan alábàárù, tí ń sin oníbàárà púpọ̀ lóòjọ́ láìní ọ̀gá kan. Ètò ìnáwó ìjọba ti ọdún 2017 pa owó tí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ń gbà lọ́wọ́ kayayei rẹ́. Ìyẹn dín ohun tí ń jáde nínú àpò wọn kù. Kò fi pẹ́séwà kan kún iye tí a ń dá lé ẹrù.