Owó Ìbẹ̀rẹ̀ àti Owó Ìfiránṣẹ́: Bí Wọ́n Ṣe Ń Dá Iye Lé Ọjà Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

Ẹni tó bá fẹ́ lu ọjà ní gbàǹjo lórí eBay ní láti kọ iye méjì sílẹ̀ kí oníbàárà kankan tó fojú kan ọjà náà. Ọ̀kan ni owó ìbẹ̀rẹ̀, ìyẹn iye tó kéré jù tí ẹni àkọ́kọ́ lè dá lé e. Èkejì ni owó ìfiránṣẹ́, tí ẹni tó bá borí yóò san kí ẹrù tó dé ilé rẹ̀. Lójú olùtajà, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni méjèèjì: ọ̀kan ń wọ àpò tirẹ̀, èkejì ń wọ àpò ilé ìfìwéránṣẹ́. Lójú oníbàárà, owó kan náà ni wọ́n, nítorí àpò kan ṣoṣo ni wọ́n ti ń jáde. Olùtajà tí kò bá fi ojú oníbàárà ṣírò kò ní mọ ohun tó mú kí ọjà rẹ̀ dúró sójú kan.

Oṣù Kẹsàn-án ọdún 1995 ni Pierre Omidyar dá ìkànnì eBay sílẹ̀ ní Kalifóníà, tó sì kọ́kọ́ sọ ọ́ ní AuctionWeb. Lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ tà níbẹ̀ ni iná lésà kékeré kan tó ti bàjẹ́. Dọ́là 14.83 ni ẹnì kan rà á, ó sì mọ̀ dájú pé kò ṣiṣẹ́ mọ́. Irú èyí tó ti bàjẹ́ gan-an ló ń kó jọ. Kò sí olùtajà tó lè jókòó sílé kó ti mọ̀ pé irú oníbàárà bẹ́ẹ̀ wà. Iye tí ọjà yóò tà kì í dáni lójú. Owó ìfiránṣẹ́ ni ó ṣeé mọ̀, òun ló sì yẹ kí ìṣirò ti bẹ̀rẹ̀.

Ilé ìfìwéránṣẹ́ kì í jẹ́ kí wọ́n ná òun. Iye wọn wà ní kíkọ sílẹ̀, ẹni tó bá sì mọ ìwọ̀n ẹrù rẹ̀ lè kà á kó tó kúrò nílé. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé olùtajà á wọn ọjà ní ìhòòhò, á gbàgbé páálí, bébà tí yóò fi wé e àti téèpù tí yóò fi lẹ̀ ẹ́. Ẹrù tí wọ́n ti dì pátápátá ló yẹ kó gun orí ìwọ̀n. Ìwọ̀n kékeré tí wọ́n fi ń wọn ìyẹ̀fun nílé ìdáná tó fún iṣẹ́ náà, téèpù aránṣọ sì tó fún gígùn àti fífẹ̀ rẹ̀.

Gígùn àti fífẹ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà sí. Àpẹẹrẹ tó dára ni àwo orin àtijọ́. Àwọn tó ń kó àwo Hárúnà Ìṣọ̀lá, I. K. Dairo àti Fela jọ wà káàkiri ayé, orí íntánẹ́ẹ̀tì sì ni púpọ̀ nínú wọn ti ń rà á. Ní Britain, Royal Mail ní ìsọ̀rí kan tí wọ́n ń pè ní lẹ́tà ńlá. Ohun tó bá wọ ìsọ̀rí yìí kò gbọdọ̀ gùn ju sẹ̀ǹtímítà 35.3 lọ, kò gbọdọ̀ fẹ̀ ju 25 lọ, kò gbọdọ̀ nípọn ju 2.5 lọ, kò sì gbọdọ̀ wúwo ju gíráàmù 750 lọ. Àwo ńlá fúyẹ́, ó sì pẹlẹbẹ, ṣùgbọ́n páálí rẹ̀ lé ní sẹ̀ǹtímítà 31 ní ìbú àti òòró, nítorí náà kò lè wọ ìsọ̀rí lẹ́tà ńlá. Ẹrù kékeré ni wọn yóò kà á sí, owó rẹ̀ á sì ga. Àwo kékeré, tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 18, wọ ìsọ̀rí lẹ́tà ńlá wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹni tó bá kọ owó lẹ́tà ńlá sí abẹ́ àwo ńlá, owó ara rẹ̀ ni yóò fi dí i. Láti oṣù Kẹjọ ọdún 2006 ni Royal Mail ti ń wo bí nǹkan ṣe tóbi tó pẹ̀lú bó ṣe wúwo tó. Ṣáájú ìgbà yẹn, ìwúwo nìkan ni wọ́n ń wò fún lẹ́tà.

Àwọn iléeṣẹ́ akẹ́rù bíi DHL tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n á fi gígùn ẹrù sọ fífẹ̀ rẹ̀ di púpọ̀, wọ́n á tún fi gíga rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀, gbogbo rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà, wọ́n á wá fi 5,000 pín in. Ohun tó bá jáde ni wọ́n ń kà sí ìwọ̀n ẹrù náà ní kílò, bí ó bá ju ìwọ̀n rẹ̀ gan-an lọ. Páálí tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 40 ní ìhà gbogbo yóò fún wọn ní 64,000. Bí wọ́n bá fi 5,000 pín in, ó di kílò 12.8. Bí ìrọ̀rí nìkan ló wà nínú páálí náà, tí gbogbo rẹ̀ kò sì ju kílò 3 lọ, ó kéré tán, owó kílò 12.8 ni wọn yóò gbà, nítorí àyè tí ẹrù gbà nínú ọkọ̀ òfuurufú ni wọ́n ń tà. Bí olùtajà bá lè gé páálí náà kúrú, owó ló fi pamọ́ yẹn.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà jíjìn yàtọ̀ láti ilẹ̀ dé ilẹ̀. Ní ọdún 1840, lẹ́yìn akitiyan Rowland Hill, ìjọba Britain fi ẹyọ pẹ́nì kan ṣe iye lẹ́tà tí kò ju ìdajì áùnsì lọ, ibi yòówù kó máa lọ láàárín orílẹ̀-èdè náà. Ìlànà yẹn kò tíì kú. Olùtajà tó wà ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, lè kọ owó ìfiránṣẹ́ kan ṣoṣo sílẹ̀ láìmọ̀ bóyá Glasgow ní Scotland ni oníbàárà wà tàbí ojúlé kejì. Ní Amẹ́ríkà, bí ọ̀nà bá ṣe jìn tó ni owó ẹrù ṣe ń ga sí i, èyí ló jẹ́ kí eBay ṣe ètò tí yóò wo àdírẹ́sì oníbàárà, tí yóò sì ṣírò owó fún un lójú ẹsẹ̀. Ẹrù tó wúwo tó sì kéré, bíi irin tàbí ìwé, ni páálí oníye-kan ti ilé ìfìwéránṣẹ́ wọn wúlò fún jù, nítorí iye kan náà ni wọ́n ń gbà lórí rẹ̀, bó ti wù kó wúwo tó, títí dé pọ́n-ùn 70.

Ní Èkó, ọ̀nà jíjìn ló ń pinnu ohun gbogbo. Dísípáàṣì olọ́kadà tó gbé ẹrù láti Ìkẹjà lọ sí Ògbà kò ní gba iye kan náà bó bá jẹ́ Ajah ló ń lọ tàbí Ìkòròdú. Fún ìlú mìíràn, wébíìlì ni: olùtajà á gbé ẹrù lọ sí gáréèjì, á san owó fún awakọ̀, á sì fi nọ́ńbà awakọ̀ náà ránṣẹ́ sí oníbàárà, kí ó lọ gba ẹrù rẹ̀ ní gáréèjì tòdìkejì. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń tajà lórí Instagram àti WhatsApp fi sábà máa ń ya owó délífárì sọ́tọ̀ kúrò lára iye ọjà. Ìyàsọ́tọ̀ yẹn bọ́gbọ́n mu. Lẹ́yìn tí ìjọba kéde ní ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, owó epo fò sókè, owó délífárì sì tẹ̀lé e. Ẹni tó ti ki owó ọkọ̀ mọ́ iye ọjà ní láti tún iye gbogbo ọjà rẹ̀ kọ.

Àwọn kan a máa kọ ọ́ pé ọ̀fẹ́ ni ìfiránṣẹ́. Kò sí ọ̀fẹ́ níbẹ̀. Iye ọjà ló gbé e mì. Nínú ọjà tí iye rẹ̀ kò yí padà, àṣà yìí dára, torí kò sí ohun tí oníbàárà kórìíra tó owó tó yọjú lẹ́yìn tó ti pinnu láti rà. Nínú gbàǹjo, ewu wà níbẹ̀: bí àwo ńlá bá bẹ̀rẹ̀ ní pọ́n-ùn 1 pẹ̀lú ìfiránṣẹ́ ọ̀fẹ́, tí ẹnì kan ṣoṣo sì dá owó lé e, olùtajà á san ju pọ́n-ùn 1 lọ láti fi ẹrù náà ránṣẹ́.

Kí owó ìbẹ̀rẹ̀ tó yéni, ó yẹ kí bí gbàǹjo eBay ṣe ń ṣiṣẹ́ kọ́kọ́ yéni. Oníbàárà á kọ iye tó pọ̀ jù tó lè san, ẹ̀rọ á sì fi í pamọ́. Bí ẹnì kan bá kọ pọ́n-ùn 50 tí ẹlòmíràn kọ 38, ẹni àkọ́kọ́ ló borí, ṣùgbọ́n díẹ̀ ló máa fi lé ní 38 tó máa san. Irú gbàǹjo tí ẹni tó borí ń san iye tí ẹnì kejì dá ni William Vickrey, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé, ṣàlàyé nínú iṣẹ́ rẹ̀ ní ọdún 1961. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1996. Fún olùtajà, ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ẹnì kejì ló ń pinnu iye ọjà. Bí kò bá sí ẹnì kejì, owó ìbẹ̀rẹ̀ ni ọjà náà máa lọ, ì báà jẹ́ pé ẹni tó rà á ti múra láti san ìlọ́po mẹ́wàá.

Gbogbo ọ̀rọ̀ owó ìbẹ̀rẹ̀ wá dúró lé ìbéèrè kan: ènìyàn mélòó ló ń wá irú nǹkan yìí lọ́sẹ̀ yìí? Fóònù tí gbogbo ayé mọ̀ lè bẹ̀rẹ̀ ní iye tó kéré gan-an, torí èrò á pọ̀, wọ́n á sì ti ara wọn sókè. Àwo àpàlà tí kò wọ́pọ̀, tó jẹ́ pé ẹni méjì tàbí mẹ́ta ló mọyì rẹ̀, kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní iye tí yóò dun olùtajà bí ó bá ta á bẹ́ẹ̀. Ibi tí ìdáhùn wà ni àkójọ àwọn ọjà tí wọ́n ti tà, tí eBay máa ń fi hàn ẹni tó bá wá a. Iye tí àwọn olùtajà mìíràn ń bèèrè lórí ọjà tí kò tíì tà kì í ṣe ẹ̀rí ohunkóhun. Ẹnikẹ́ni lè kọ iye tó bá wù ú.

Àwọn onímọ̀ ti yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò. Ní 2006, Gillian Ku, Adam Galinsky àti Keith Murnighan tẹ ìwádìí kan jáde tó fi hàn pé ọjà tó bẹ̀rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ sábà ń parí sí òkè, torí owó kékeré ń pe èrò, èrò sì ń pe èrò. Ṣùgbọ́n bí ohun kan bá dí àwọn ènìyàn lọ́nà, bí àpẹẹrẹ kí olùtajà ṣi orúkọ ọjà kọ tí wíwá rẹ̀ fi ṣòro, ọjà tó bẹ̀rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ á kú sí ìsàlẹ̀. Ní ọdún kan náà, Tanjim Hossain àti John Morgan tẹ ìwádìí tiwọn jáde, lórí àwo CD àti géèmù Xbox tí wọ́n tà lórí eBay. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ àwọn kan ní dọ́là 4 láìsí owó ìfiránṣẹ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ irú wọn gẹ́lẹ́ ní sẹ́ǹtì 1, wọ́n sì fi owó ìfiránṣẹ́ sí dọ́là 3.99. Àpapọ̀ kan náà ni, síbẹ̀ èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní sẹ́ǹtì 1 ló pe èrò jù, òun ló sì mówó wọlé jù. Nígbà tí wọ́n gbé owó ìfiránṣẹ́ dé dọ́là 6, àǹfààní yẹn pòórá lára àwo CD. Ìyẹn ni pé oníbàárà lè gbójú fo owó ìfiránṣẹ́ díẹ̀, àmọ́ ó ní ibi tí ojú rẹ̀ ti ń là.

Àwọn ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ tilẹ̀ ti mọ èyí ṣáájú àwọn onímọ̀. Lórí owó tí ọjà tà nìkan ni eBay ń gba owó tirẹ̀ nígbà náà, kì í fọwọ́ kan owó ìfiránṣẹ́. Olùtajà á ta nǹkan ní sẹ́ǹtì 1, á wá bu dọ́là 20 fún ìfiránṣẹ́. Ní 2011, eBay ti Amẹ́ríkà dí ihò náà: wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó lórí àpapọ̀ méjèèjì. Láti ìgbà náà, ẹni tó gba iye tí ilé ìfìwéránṣẹ́ yóò gbà gẹ́lẹ́ ti pàdánù díẹ̀. Bí owó eBay bá jẹ́ ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún, tí ọjà tà ní dọ́là 20 tí ìfiránṣẹ́ sì jẹ́ dọ́là 6, dọ́là 3.38 ni wọn yóò yọ, sẹ́ǹtì 78 nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti ìfiránṣẹ́ nìkan. Kí wọ́n fi sẹ́ǹtì 78 yẹn àti owó páálí kún owó ìfiránṣẹ́ kì í ṣe ìrẹ́jẹ. Ní Britain, eBay kò gba owó títà lọ́wọ́ aládàáni mọ́ lórí ọ̀pọ̀ ọjà láti oṣù Kẹwàá ọdún 2024, nítorí náà ìṣirò tiwọn rọrùn díẹ̀.

Ẹni tó dàgbà sí ọjà Bódìjà tàbí Ọjà Ọba ní àṣà kan láti gbàgbé kó tó lè fi gbàǹjo jèrè. Lọ́jà wa, iye tí ìyálọ́jà kọ́kọ́ pè ni òkè, wọ́n á sì máa ná an bọ̀ wálẹ̀. Ó ti fi àyè ẹ̀dínwó sílẹ̀ nínú rẹ̀. Gbàǹjo kì í wálẹ̀. Ẹni tó bá bù kún owó ìbẹ̀rẹ̀ kí wọ́n lè rí nǹkan ná, kò sẹ́ni tó máa ná an. Wọ́n á kàn wò ó kọjá ni. Ibi tí àṣà ìnájà ti bá a mu ni ètò tí eBay fi ń jẹ́ kí oníbàárà sọ iye tirẹ̀ lórí ọjà oníye-kan, àti orí Instagram, níbi tí ọ̀pọ̀ olùtajà ti ń fi iye pamọ́ tí wọ́n ń ní kí oníbàárà wá bèèrè níkọ̀kọ̀. Òfin Nàìjíríà lórí ìdíje àti ààbò oníbàárà, ti ọdún 2018, sọ ní abala 115 pé ẹni tó bá pàtẹ ọjà gbọ́dọ̀ fi iye rẹ̀ hàn kedere. Ẹni tó ń fi iye pamọ́ tún ń lé àwọn tí ojú ń tì láti bèèrè lọ, wọ́n sì pọ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ ọjà tí wọ́n dá padà. Ní Britain, lábẹ́ òfin àdéhùn oníbàárà ti ọdún 2013, oníbàárà tó ra ọjà lọ́wọ́ oníṣòwò lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọjọ́ 14 lẹ́yìn tí ẹrù dé ọwọ́ rẹ̀ láti sọ pé òun kò rà mọ́. Oníṣòwò gbọ́dọ̀ dá owó ọjà padà pẹ̀lú owó ìfiránṣẹ́ tó rẹlẹ̀ jù tó pèsè. Bí oníbàárà bá ti san owó àsanlé kí ẹrù lè tètè dé, kò ní rí àsanlé yẹn gbà padà. Owó tí yóò fi dá ẹrù padà, oníbàárà ló ń san án, àyàfi bí oníṣòwò bá ti gbà láti san án tàbí tí kò sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé òun ni yóò san án.