Ṣé O Mọ̀? Efinrin Kì Í Ṣe Ará Fíríìjì

Ṣé o mọ̀ pé òtútù fíríìjì ló ń sọ efinrin di dúdú? Ewé ilẹ̀ olóoru ni. Bí ibi tó wà bá ti tutù ju nǹkan bí ìwọ̀n 12 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius, àbàwọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lára rẹ̀, á rọ̀, á sì dúdú bí ẹni pé iná rà á. Bí ìwọ̀n 4 sì ni fíríìjì ilé máa ń wà, nígbà tí iná bá wà. Ẹni tó ra efinrin ní Ọjà'ba n'Ìbàdàn nírọ̀lẹ́ Sátidé, tó jù ú sí fíríìjì, tó wá bá a ní dúdú láàárọ̀ Mọ́ńdè, kó má bú ìyá tó tà á fún un.

Ṣé o mọ̀ pé igi efinrin ní igun mẹ́rin? Fi ọmọ ìka méjì yí i wò. Mọ̀lẹ́bí míǹtì ni. Efinrin ńlá tí à ń já sí ọbẹ̀ àti efinrin wẹ́wẹ́, èyí tí àwọn ará Genoa ní Ítálì ń gún pọ̀ mọ́ òróró, ọmọ ìyá ni wọ́n.

Ṣé o mọ̀ pé ẹsẹ̀ ni efinrin fi ń mumi, kì í ṣe orí? Wo ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ lábẹ́ agboòrùn ní Béèrè: á ki ọwọ́ bọ abọ́ omi, á wọ́n ọn sórí ìdì efinrin, á fi àpò tútù bò ó. Ní gbangba ọjà, ọgbọ́n gidi nìyẹn, torí afẹ́fẹ́ ń gbé omi náà lọ, ewé sì ń tutù. Àmọ́ bí o bá ti ìdì tútù yẹn bọ inú ọ̀rá, tí o so ẹnu rẹ̀ pinpin, kó o tó dé Bẹ́yẹrúnká ló ti ń hooru. Bó bá sùn mọ́jú níbẹ̀, ó di yíyọ̀.

Bó o bá délé, tú okùn ìdí rẹ̀. Ṣa èyí tó ti rà dànù, gbọn omi orí rẹ̀ kúrò. Mú ọ̀bẹ mímú, gé díẹ̀ kúrò nídìí igi kọ̀ọ̀kan, torí ojú ibi tí wọ́n ti já a lọ́jọ́sí ti gbẹ, afẹ́fẹ́ sì ti dí iṣan tó fi ń fa omi. Já ewé ìsàlẹ̀ kúrò kí ọ̀kankan má bàa kan omi, kó o wá gbé e nàró sínú ife omi. Da ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó lórí, má so ó. Ibi tí oòrùn kò dé ni kó wà, kó o sì máa pààrọ̀ omi rẹ̀ lójoojúmọ́. Fífọ̀? Ó di ìgbà tí ìkòkò bá wà lórí iná.

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n kì í ṣe aládùúgbò rere fún un? Ọ̀gẹ̀dẹ̀, máńgòrò, ìbẹ́pẹ: bí wọ́n ṣe ń pọ́n ni wọ́n ń tú afẹ́fẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní ethylene jáde, òun ló ń mú kí ewé tètè pọ́n, kó sì rẹ̀.

"Ẹ kú ọjà o, mà. Ṣé ti òní ni?"

"Àárọ̀ kùtù yìí ni wọ́n já a, ọmọ mi."

Ṣé o mọ̀ pé àárọ̀ kùtù tí màmá fi ń yangàn yẹn kọ́ ló dáa jù? Lọ́dún 1994, Lange àti Cameron, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà, tẹ àyẹ̀wò kan jáde lórí efinrin wẹ́wẹ́: èyí tí wọ́n já ní aago 6 ìrọ̀lẹ́ tàbí aago 10 alẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ pẹ́ ní ìlọ́po méjì èyí tí wọ́n já ní aago 2 òru tàbí aago 6 àárọ̀. Ewé tó ti fi gbogbo ọjọ́ yá oòrùn ti ṣe oúnjẹ pamọ́ sára. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìnkùlé ni tìrẹ wà, jẹ́ kí oòrùn wọ̀ kó o tó já a.

Ṣé o mọ̀ pé àmù dára fún efinrin ju fíríìjì lọ? Omi ń là jáde lára amọ̀, ó ń gbẹ, ó sì ń gbé ooru lọ. Òtútù ìwọ̀nba lèyí, irú èyí tí efinrin ń fẹ́. Mohammed Bah Abba, olùkọ́ ní Jigawa, lo ọgbọ́n yìí: ó ki ìkòkò kan bọ inú òmíràn, ó fi yanrìn tútù sáàárín wọn, ó fi aṣọ tútù bò ó. Wọ́n ní ẹ̀fọ́ tí kì í ju ọjọ́ kan lọ ń lo ọjọ́ 12 níbẹ̀. Ó gba ẹ̀bùn Rolex lọ́dún 2000. Nígbà ọyẹ́ ni yóò wúlò jù fún ará Ìbàdàn, torí ọyẹ́ náà ló ń mú kí ewé tètè rọ. Lásìkò òjò, omi kì í tètè gbẹ lára ìkòkò, nítorí náà má retí púpọ̀.

Ṣé o mọ̀ pé òórùn tó kún inú ọkọ̀ nígbà tó o gbé efinrin wọlé, àdánù ni? Inú àpò tíntìntín lójú ewé ni òróró rẹ̀ wà. Bí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́ fọ́, ó ń lọ nìyẹn. Lọ́dún 1969, àwọn onímọ̀ kan, El-Said, Ṣófowọ̀ra àtàwọn akẹgbẹ́ wọn, tẹ̀ ẹ́ jáde pé thymol inú òróró náà ló ń bá kòkòrò àrùn jà. Thymol yìí kan náà ló wà nínú táìmù tí à ń bù sí ráìsì.

Ṣé o mọ̀ pé èyí tó rọ àti èyí tó dúdú kì í ṣe ọ̀kan náà? Èyí tó rọ àmọ́ tí àwọ̀ rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀, òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́: tún ìdí rẹ̀ gé, rì í sómi, fún un ní wákàtí díẹ̀. Èyí tó dúdú ti lọ.

Bó bá pọ̀ jù, bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, gbé e bọ omi tútù, fún omi ara rẹ̀ dànù, kó o sì jẹ́ kó di yìnyín. Kò ní ṣeé wò, àmọ́ ọbẹ̀ kò ní mọ̀. Má ṣe rì í sínú òróró kó o gbé e sórí tábìlì o. Kòkòrò burúkú kan tó ń fa májèlé ń ṣe dáadáa níbi tí afẹ́fẹ́ kò dé.

Ṣé o mọ̀ pé ife omi tó o gbé efinrin sí lè di oko? Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, gbòǹgbò funfun á yọ níbi oríkèé igi. Kó o wá gbìn ín: garawa tó ti jò tó fún un, kódà nínú agbo ilé tó há jù lẹ́yìn Màpó. Bó bá sì ti fẹ́ tan òdòdó, já orí rẹ̀, torí bó bá tanná tán, ewé rẹ̀ á máa kéré sí i.