Iná Kì í Rin Ọ̀nà Tí Kò Ní Àbọ̀

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, pàápàá ẹ̀yin ìyá àti bàbá tí ń bẹ ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì kan kí ẹ tú u wò. Kí ni ẹ rí? Bátìrì méjì, gílóòbù kékeré, irin pẹlẹbẹ tí ó so wọ́n pọ̀, àti ibi tí a ń tẹ̀. Bátìrì kọ̀ọ̀kan ní fóòtì 1.5, méjèèjì di 3. Iná mànàmáná a jáde ní orí bátìrì, a gba inú gílóòbù kọjá, a sì padà sí ìdí bátìrì. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ọ̀nà pé. Bí ẹ bá pa á, ọ̀nà já, iná sì kú lójú ẹsẹ̀. Kò sí ohun tí ó ṣe bátìrì. Àbọ̀ ni kò sí.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Òkìtìpupa gan-an. Ìjọba ìbílẹ̀ náà ni ilé iṣẹ́ amúnáwá ńlá ti Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́ wà. Ọdún 2007 ni wọ́n ṣí apá kìíní rẹ̀, tí a ṣe láti fi gáàsì mú mẹ́gáwọ́ọ̀tì 335 wá. Síbẹ̀, lẹ́yìn 2010, ọ̀pọ̀ ọdún ni ọ̀pọ̀ ìlú agbègbè náà fi wà nínú òkùnkùn, bí ẹni tí ń gbé etí odò tí ó ń fi itọ́ fọwọ́. Fóòtì 330,000 ni iná tí ń ti Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́ jáde, tí ó ń gba orí òpó gíga lọ sí ìhà Benin àti Ìkẹjà. Kò sí ilé tí ó lè gbà á bẹ́ẹ̀. Àfi kí tìráńsífọ́mà bù ú kù ní ìpele ìpele títí yóò fi di nǹkan bí 230, kí wáyà sì gbé e wọ àdúgbò. Níbi tí wáyà bá ti já, tàbí tí wọ́n ti já a, òkùnkùn ni, kódà bí ẹ bá ń gbọ́ ariwo ẹ̀rọ náà.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí iná bá padà dé ni ó ń bà mí lẹ́rù jù. Wáyà tí ó ti wà lára ògiri láti ọjọ́ pípẹ́, eku lè ti jẹ rọ́bà rẹ̀. Bí wáyà méjì tí ó wà ní ìhòòhò bá kanra, iná yóò gba àbùjá. Kò ní gba inú gílóòbù mọ́, kò sí ohun tí yóò dín in kù, yóò ya wọlé bí àgbàrá òjò. Wáyà yóò gbóná, rọ́bà yóò yọ́, àjà yóò gbiná, àwọn ọmọ sì lè wà lójú oorun. Nítorí èyí ni a ṣe fi fíùsì sí ẹnu ọ̀nà: wáyà tín-ín-rín tí yóò kọ́kọ́ jó, kí ọ̀nà já kí ilé tó jó. Ẹni tí ó fi wáyà nípọn tàbí ìṣó rọ́pò rẹ̀ ti pa olùṣọ́ ilé ara rẹ̀.

Ẹ máa ṣírò pẹ̀lú. Ẹ fi fóòtì pín wọ́ọ̀tì, ámpíà ni ẹ ó rí. Kẹ́tù oníná wọ́ọ̀tì 2,000 ń fa nǹkan bí 8.7, áyọ́ọ̀nù wọ́ọ̀tì 1,200 ń fa 5.2. Méjèèjì di 13.9. Orí sọ́kẹ́ẹ̀tì kan tí a ṣe fún 13 ni ọ̀pọ̀ wa ń kó wọn lé ní àárọ̀ Jímọ̀, tí a ń lọ aṣọ, tí a sì ń se omi tíì! Gílóòbù wọ́ọ̀tì 60 kò fa ju bí ìdámẹ́rin ámpíà kan.

Ẹ ó ti rí i nínú mọ́sálásí pé gílóòbù kan lè kú kí ìyókù máa tàn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ó ní àlọ àti àbọ̀ tirẹ̀.

Kí ẹ tó tan iná sí ilé tí kò rí i fún ọdún púpọ̀, ẹ pe oníṣẹ́ iná kí ó yẹ wáyà wò. Ẹ má sì fi ọwọ́ tí omi àlùwàlá ṣì ń kán lára rẹ̀ tẹ súwíìṣì: omi lè sọ ara yín di ọ̀nà, ilẹ̀ tí ẹ fi ẹsẹ̀ lásán tẹ̀ yóò sì di àbọ̀.