Eyín Inú Eyín

Ní Bolori tí àwa dàgbà sí, bí eyín bá ń dun ọmọdé, wọn á ní kòkòrò ló ń jẹ ẹ́, kí wọ́n yọ ọ́ dànù. Àwa náà gbà bẹ́ẹ̀ títí èéwo fi yọ lókè eyín iwájú ọmọbìnrin ọlọ́dún 14 kan ládùúgbò wa. Eyín náà kò ní ihò tí ojú rí. Àwọn kan ní ayé ló ń ṣe é. Ẹlòmíràn ti mú ẹ̀mú dání.

Dens invaginatus ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Nígbà tí eyín ṣì rọ̀ nínú egungun àgbọ̀n, èèpo rẹ̀ á ká wọnú, bí ẹni fi ìka ti orí fìlà zanna wọlé. Eyín òkè tó tẹ̀ lé ti àárín ló sábà máa ń ṣe. Ní 1794, Ploucquet kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀, eyín àbùùbùtán ló sì rí i sí o! Ti ènìyàn di 1856.

Ihò tó wà lẹ́yìn eyín náà lè kéré bí ojú abẹ́rẹ́. Búrọ́ọ̀ṣì kò dé ibẹ̀, pákò pàápàá kò dé ibẹ̀. Oúnjẹ àti kòkòrò àìfojúrí á kó sí i. Èèpo tó là á kúrò lára ẹran inú eyín sì tín-ín-rín. Bí kòkòrò bá ti kọjá, ẹran á kú, ọyún á dé.

Ní 1957, Oehlers pín in sí mẹ́ta: èyí tó mọ sí orí eyín, èyí tó wọ gbòǹgbò, àti èyí tó la gbòǹgbò já. Ìkẹta yìí ló ń dá dókítà lágara, nítorí ọ̀nà inú rẹ̀ ti di méjì. Nígbà mìíràn ẹran eyín ṣì wà láàyè, ihò tó ká wọlé nìkan ni wọ́n á tọ́jú.

Bí ẹran bá ti kú, dókítà á gún abẹ́rẹ́ kí ó má baà dunni, á lu ẹ̀yìn eyín, á fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ kó ìdọ̀tí jáde, á sì fi sodium hypochlorite fọ̀ ọ́, irú èyí tó wà nínú bílíìṣì. Calcium hydroxide lè wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kí wọ́n tó fi gutta-percha, oje igi kan láti ìhà Málésíà, dí i pa.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni ọmọ àdúgbò wa lọ. Eyín apá òsì rẹ̀ náà ní irú ihò bẹ́ẹ̀, nítorí ó sábà máa ń jẹ́ méjì. Ìyẹn kò tíì bàjẹ́. Wọ́n dí i lọ́jọ́ kẹta, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló gbà.