Kí Ẹ Tó Kó Ẹbí Lọ sí Timmins

Ní oṣù kìíní ọdún 2025, ìjọba Kánádà bẹ̀rẹ̀ ètò ìgbélùú kan fún àwọn ìlú kéékèèké tí àlejò kì í sábà yà sí. Ìlú àti àgbègbè 14 ló wà nínú rẹ̀; Timmins, Thunder Bay, Brandon àti Moose Jaw wà lára wọn. Àwọn àgbà ń fẹ̀yìn tì níbẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ ń ṣí lọ sí ìlú ńlá, iṣẹ́ kò sì rí ẹni ṣe é. Nọ́ọ̀sì tàbí wẹ́dà tó wà ní Wásinmi lónìí lè rí ọ̀nà gbà débẹ̀, ṣùgbọ́n ó yẹ kó mọ ohun tó ń lọ bá.

Ilé-iṣẹ́ tí ìlú náà ti fọwọ́ sí ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà yín síṣẹ́. Ìjọba á wò ó bóyá ẹ ti ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún wákàtí 1,560, ó kéré tán, láàárín ọdún mẹ́ta tó kọjá. Wọ́n á sì béèrè èsì ìdánwò èdè, ìwé ẹ̀rí àti owó tí ẹ ó fi bẹ̀rẹ̀ ayé. Wọn kì í ta ìwé ìgbanisíṣẹ́. Ẹni tó bá ní kí ẹ sanwó kí òun tó fún yín ní tiyín, gbájúẹ̀ ni, ì báà jẹ́ ọmọ ìyá yín.

Òtútù wá ńkọ́? Fìríìsà tí ìyá ẹlẹ́ja fi ń tọ́jú ẹja ní ọjà Ìkirè, -18°C ló yẹ kó wà. Bí ìta ṣe sábà máa ń rí nìyẹn ní Timmins nínú oṣù kìíní, àwọn òru kan sì máa ń kọjá -30°C. Ọyẹ́ tiwa kò sún mọ́ ọn rárá. Atẹ́gùn ló tún ń dá kún un: ara máa ń mú afẹ́fẹ́ tó yí i ká lọ́ wọ́ọ́rọ́, atẹ́gùn a sì gbá ìlọ́wọ́ọ́rọ́ náà lọ. Bí ìta bá wà ní -20°C, tí atẹ́gùn sì ń sáré kìlómítà 20 ní wákàtí kan, bíi -30°C ló máa ṣe lára. Awọ tí a kò bò lè dì láàárín ìṣẹ́jú 10 sí 30. Ìka, etí àti imú ló ń kọ́kọ́ fara gbá a, torí pé ẹ̀jẹ̀ máa ń sá kúrò níbẹ̀ lọ dáàbò bo ọkàn àti inú.

Síbẹ̀, inú ilé máa ń móoru, aṣọ tó nípọn sì wà. Ọkọ̀ pàápàá, wọ́n máa ń ki ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bọ iná mọ̀nàmọ́ná mọ́jú kó lè ṣíná. Òtútù ṣe é múra dè.

Èyí tó le ju òtútù lọ ni òkùnkùn àti ìnìkanwà. Ní oṣù Kejìlá, oòrùn Timmins kì í pé wákàtí mẹ́sàn-án lójú ọ̀run. Nítorí àìtó oòrùn yìí, aláwọ̀ dúdú ní láti bi dókítà léèrè nípa fítámì D. Ní ti ìnìkanwà, Thunder Bay sí Toronto jìnnà ju Èkó sí Kánò lọ. Ìyá tó máa wá wẹ ọmọ tuntun ní láti gba físà. Ọkọ tàbí aya tó tẹ̀ lé yín ńkọ́, iṣẹ́ wo ló wà fún un? Bó bá jẹ́ nọ́ọ̀sì tàbí olùkọ́, ìwé àṣẹ ìpínlẹ̀ tí ẹ ń lọ ló máa kọ́kọ́ gbà. Ìbéèrè yìí ló yẹ kó gba àkókò jù nínú ìjíròrò tọkọtaya, torí ilé tí ẹnì kan ti ń ṣiṣẹ́, tí èkejì ń wo yìnyín láti ojú fèrèsé fún oṣù márùn-ún, kì í tòrò.

Àwọn kan ń gbèrò pé bí ìwé ìgbélùú bá ti tẹ àwọn lọ́wọ́, Toronto yá. Òfin gba olùgbé Kánádà láyè láti ṣí kiri, ṣùgbọ́n ètò yìí ń béèrè pé kí ẹ ní in lọ́kàn láti gbé ìlú tó pè yín. Ẹni tí kò bá ní in lọ́kàn kó má bu ọwọ́ lù ú.

Bó bá ṣeé ṣe, oṣù karùn-ún ni kí ẹ dé, kí ẹ lè kọ́ ọ̀nà kí yìnyín tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má sì ta oko kòkó láti fi ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ọjọ́ 730 láàárín ọdún márùn-ún péré ni Kánádà ń béèrè kí ìwé ìgbélùú má bàa bọ́ lọ́wọ́ yín, nítorí náà ọ̀nà ilé kò dí. Ẹ fi oko náà síkàáwọ́ ará ilé, kí ẹ sì kọ àdéhùn rẹ̀ sílẹ̀ níwájú ẹlẹ́rìí.