Ara Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Dìde Lórí Àìsàn àti Irin Gbígbé

Bí a bá lọ kí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìwòsàn dé, ọ̀rọ̀ méjì ni a sábà máa ń bá níbẹ̀. Àwọn àgbà yóò ní, “Má fọwọ́ kan nǹkan kan o. Sáà jókòó, kí o máa jẹun.” Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n jọ ń ṣe eré ìdárayá yóò ní, “Ẹ̀gbọ́n, ìgbà wo la ó tún rí yín nídìí irin?” Ìfẹ́ ló wà nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì. Ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ sọ di ẹni tí kò lè gun àtẹ̀gùn fún odidi ọdún kan, èmi gan-an sì ni ẹni tí ọ̀rọ̀ kejì dá padà sọ́dọ̀ dókítà.

Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, a ní irin tiwa ní àgbàlá. Kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń tà nínú ṣọ́ọ̀bù. A wá páìpù omi, a po kọnkéré sínú agolo mílíìkì ńlá méjì, a ki orí páìpù méjèèjì bọ̀ ọ́ kí ó tó le, ó sì di irin. Èyí tó tóbi jù lọ, inú bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà ni a ti rọ ọ́. Ẹnikẹ́ni kò wọ̀n ọ́n rí. Ẹ̀ẹ̀mẹwàá ni mo máa ń gbé e kọjá orí láìsinmi. Lẹ́yìn náà ni ibà jẹ̀funjẹ̀fun, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní táífọ́ọ̀dù, dá mi wólẹ̀. Ó lu ìfun, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi, mo sì lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lórí ibùsùn. Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí mo délé, tí mo rí i pé mo ti ń jẹun, mo jáde sí àgbàlá, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo di irin ńlá náà mú. Kò dé orúnkún. Ara mi gbọ̀n, nǹkan kan fà mí lójú ọgbẹ́, ẹ̀jẹ̀ sì rin aṣọ. Dókítà tí ó tún ojú ọgbẹ́ náà dì béèrè ẹni tí ó ní kí n gbé irin. Kí ni n ó sọ? Ojú ẹni tí mo jẹ́ kí n tó ṣàìsàn ni mo fi wo ara mi.

Àìsàn ńlá máa ń gba agbára lọ́wọ́ ènìyàn lọ́nà mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Ara tí ó ń bá àrùn jà a máa tú ẹran iṣan palẹ̀ láti fi bọ́ ìjà náà. Oúnjẹ tí ìbá dí àlàfo rẹ̀ kì í sì í wọlé dáadáa, nítorí ẹnu aláìsàn a máa korò. Ìkẹta ni ìdùbúlẹ̀ fúnra rẹ̀, èyí tí àwa ń rò pé ìsinmi lásán ni. Ní ọdún 2013, àwọn oníṣègùn kan ní ìlú London tẹ ìwádìí kan jáde nípa àwọn aláìsàn 63 tí àìsàn wọn le gan-an. Iṣan iwájú itan ni wọ́n ń wọ̀n. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ kẹwàá, ó ti dín ní nǹkan bí ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọjọ́ mẹ́wàá péré! Ẹni tí kò ṣàìsàn rárá pàápàá kò bọ́ nínú rẹ̀. Ní ọdún 1966, ní Dallas ní Amẹ́ríkà, wọ́n ní kí ọ̀dọ́mọkùnrin márùn-ún tí ara wọn le, ẹni ogún ọdún, dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Nígbà tí wọ́n dìde, agbára ọkàn àti èémí wọn ti fà sẹ́yìn gidigidi. Wọ́n tún yẹ àwọn kan náà wò ní ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn èyí, wọ́n sì rí i pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ìdùbúlẹ̀ yẹn mú agbára náà lọ ju ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n fi dàgbà lọ.

Ẹ ò rí i pé, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ fún àwọn àgbà wa, “sáà jókòó” kì í ṣe ìwòsàn.

Ẹni tí ó fi ọ̀nà tí ó wà láàárín han àwọn oníṣègùn, aláìsàn ni òun náà rí. Thomas DeLorme ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Birmingham ní ìpínlẹ̀ Alabama ní Amẹ́ríkà, tí a bí ní 1917. Nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́langba, ibà kan tí wọ́n ń pè ní rheumatic fever, èyí tí ó máa ń mú oríkèé ara wú tí ó sì lè ba ọkàn jẹ́, dá a dùbúlẹ̀ fún oṣù bíi mélòó kan. Wọ́n kìlọ̀ fún un pé kí ó yàgò fún iṣẹ́ agbára. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé irin díẹ̀díẹ̀, ara rẹ̀ le, ó sì kàwé di dókítà. (Ẹ má tìtorí èyí kọ etí ikún sí dókítà yín o. Àìsàn ọkàn kì í ṣe ohun tí a ń fi ìgboyà nìkan dojú kọ.) Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó ń ṣiṣẹ́ ní Gardiner General Hospital, ilé ìwòsàn àwọn ọmọ ogun ní Chicago. Àwọn ọmọ ogun tí orúnkún tàbí itan wọn ti ṣèṣe wà níbẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀. Ìtọ́jú tí wọ́n ń fún wọn nígbà náà ni kí wọ́n máa fi ẹsẹ̀ ṣe ohun fúyẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà, ẹsẹ̀ kì í sì í tètè le. DeLorme fi bàtà onírin wọ̀ wọ́n lẹ́sẹ̀, ó sì ń fi ìwọ̀n kún un bí agbára wọn ti ń pọ̀ sí i. Ní 1945 ó kọ àbájáde rẹ̀ jáde. Ní 1951 òun àti dókítà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Arthur Watkins, sọ ọ́ di odidi ìwé. Púpọ̀ nínú ohun tí àwọn oníṣẹ́ fisiotẹ́rápì ń ṣe fún aláìsàn títí dòní, orí ìpìlẹ̀ yẹn ni ó dúró lé.

Ọgbọ́n rẹ̀ kò díjú. A ó wá ìwọ̀n tí a lè gbé ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá, tí kò ní ṣeé gbé ní ẹ̀ẹ̀kọkànlá. A ó kọ́kọ́ gbé ìdajì rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá, a ó sinmi. A ó gbé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá, a ó tún sinmi. Lẹ́yìn náà ni a ó gbé e lódindi. Nígbà tí ó bá ti ń ṣeé gbé ju ẹ̀ẹ̀mẹwàá lọ, a ó fi díẹ̀ kún un. Kókó ibẹ̀ ni pé agbára tòní ni a fi ń ṣe òṣùwọ̀n. Ẹni tí ó ń gbé kílò 60 lọ́dún tó kọjá, bí ó bá jẹ́ kílò 4 ni ọwọ́ rẹ̀ ká lónìí, kílò 4 ni tirẹ̀, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde, mo fara mọ́ ọn kí ó tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tí ó lè gbé ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá, tí ó sì mọ̀ pé òun ṣì lè gbé e ní ẹ̀ẹ̀mẹrin tàbí ẹ̀ẹ̀marùn-ún sí i. Ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ti tó, kí ọjọ́ ìsinmi wà láàárín.

Kò sí ìdí láti ra irin. Lítà omi kan, kílò kan ni. Kẹ́ẹ̀gì òróró lítà márùn-ún tí a bu omi kún, kílò márùn-ún ni. Bí a bá bu ún dé ìdajì, kílò méjì àbọ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó ní kẹ́ẹ̀gì àti omi ní irin tí ó ń pọ̀ sí i bí ó bá ṣe fẹ́. Kí a má sì ṣe sé èémí mọ́nú bí a bá ń gbé e: kí a máa mí síta nígbà tí nǹkan ń lọ sókè. Ẹni tí ó sé èémí, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò ru lójijì, ikùn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán yóò sì máa gbé ẹrù tí kò tíì lè gbé.

Ẹsẹ̀ ṣe pàtàkì ju apá lọ níbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀sìn yọ̀ǹda kí aláìlera jókòó kírun, kò sì sí ẹ̀bi fún un. Síbẹ̀, dídìde láti orí ẹní ìrun wà lára ohun tí ó máa ń dun ẹni tí ó ti pẹ́ lórí ibùsùn jù lọ, nítorí pé itan àti ìdí ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà. Àwọn oníṣẹ́ fisiotẹ́rápì máa ń ní kí ènìyàn ká ọwọ́ lé àyà, kí ó máa dìde lórí àga kí ó sì máa jókòó, wọn yóò sì ka iye ìgbà tí ó dìde láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 30. Ẹ lè ṣe é nílé ní ọjọ́ Jímọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹnì kan dúró tì yín, kí ẹ sì kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí ó bá rò pé ọjọ́ orí ti kọjá lórí òun, kí ó gbọ́ èyí: ní 1990, wọ́n tẹ ìròyìn àwọn àgbàlagbà mẹ́wàá jáde ní Boston, tí ọjọ́ orí wọn tó bí 90 ọdún, tí wọ́n fi ẹsẹ̀ gbé ìwọ̀n fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Agbára ẹsẹ̀ wọn ju ìlọ́po méjì lọ.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ọkùnrin nìkan ni. Ẹni tí ó ń gún iyán, tí ó ń sọ ìkòkò ńlá kalẹ̀ lórí iná, tí ó ń pọn ọmọ, irin ni ó ń gbé. Fún bírìkìlà tàbí alábàárù ẹ̀wẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kọjá ti ẹwà ara pátápátá, nítorí pé bí ọwọ́ rẹ̀ kò bá lè gbé ẹrù, ìkòkò kò ní gorí iná nílé rẹ̀. Ìdí nìyí tí irú wọn fi máa ń sáré padà sẹ́nu iṣẹ́. Búlọ́ọ̀kù onínṣì mẹ́sàn-án kan máa ń wọ̀n ju kílò 20 lọ, àpò sìmẹ́ńtì sì jẹ́ kílò 50. Kí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde tó dé ibẹ̀, ó yẹ kí ó ti gba orí kẹ́ẹ̀gì lítà márùn-ún, lítà mẹ́wàá àti lítà 25 kọjá. Bí ọ̀gá rẹ̀ bá lè fún un ní iṣẹ́ ìdajì ọjọ́ fún ìgbà díẹ̀, tàbí iṣẹ́ tí kì í ṣe ti ẹrù, oore ńlá ni ó ṣe.

Ìgbà wo wá ni kí a bẹ̀rẹ̀? Àìsàn kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Rírìn láti ibùsùn dé ẹnu ọ̀nà kò ní láti pẹ́. Àwọn dókítà ìsinsìnyí máa ń mú ẹni tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún dìde láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì. Ṣùgbọ́n ẹrù wúwo lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ikùn, ó sábà máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, dókítà tí ó ṣe é ni yóò sì sọ ọ́. Ẹni tí àrùn mú iṣan ọkàn rẹ̀ wú lè dúró tó oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà. Ẹni tí ó ń lo oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ kò gbọdọ̀ tìtorí pé ara ti ń le dá oògùn dúró kí ó tó pé iye oṣù tí wọ́n dá fún un. Ní ọjọ́ tí ibà bá wà lára, kí a má gbé ohunkóhun. Bí àyà bá ń dunni, bí òyì bá ń kọ́ni, bí èémí bá ń fún lórí ìjókòó, tàbí bí ẹsẹ̀ kan bá wú, ilé ìwòsàn ni ó kàn. Àwọn kan sì wà, a rí púpọ̀ nínú wọn lẹ́yìn àrùn kòrónà láti ọdún 2020, tí wọn yóò gbé nǹkan lónìí láìsí wàhálà, ṣùgbọ́n tí yóò rẹ̀ wọ́n dùbúlẹ̀ lọ́la àti ọ̀túnla. Irú wọn kò gbọdọ̀ fi ipá kún un. Kí wọ́n dín in kù, kí wọ́n sì padà lọ rí dókítà.

Iṣan kò lè padà láìsí oúnjẹ tí yóò fi kọ́ ara rẹ̀. Ìmọ̀ràn tí a máa ń fún àgbàlagbà tí àìsàn ti mú rù ni èròjà amúaradàgbà tó gíráàmù 1.2 sí 1.5 lóòjọ́ fún kílò ara rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, àfi bí kíndìnrín rẹ̀ bá ní àléébù. Ẹni tí ó wọ̀n kílò 60, gíráàmù 72 sí 90 nìyẹn. Ẹyin kan ní nǹkan bíi gíráàmù 6, nítorí náà ẹyin nìkan kò lè ṣe é. Ẹ̀wà, ẹja, wàrà àti ẹ̀pà ní láti bá a kẹ́gbẹ́. Àwa tí a ń lọ kí aláìsàn, ẹlẹ́rìndòdò àti bisikíìtì ni a sábà máa ń gbé lọ. Ẹ jẹ́ kí a gbé ẹyin àti ẹja lọ nígbà mìíràn.

Ní tèmi, ọ̀sẹ̀ kẹwàá lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ni dókítà tó fún mi láyè. Ike omi lítà kan àbọ̀, ọ̀kan lọ́wọ́ kọ̀ọ̀kan, ni mo fi bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ àdúgbò sì ń fi mí rẹ́rìn-ín. Oṣù kẹrin ni mo gba kẹ́ẹ̀gì lítà márùn-ún. Nígbà tí ó di oṣù kẹfà, mo padà sídìí irin agolo mílíìkì. Èyí tí a rọ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà, oṣù kẹsàn-án ni mo tó tún gbé e kọjá orí. Ọ̀rẹ́ mi ni ó ń kà á. Nígbà tí ó pe ẹ̀ẹ̀mẹrin, mo sọ irin kalẹ̀, mo jókòó.